Láti ọnà lílé dé fífín: bí a ṣe ń ṣe dírágónì tí yóò fò nínú fíìmù kàtúùnù

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá kọ́ iṣẹ́ fíìmù kàtúùnù lọ́dọ̀ mi ní Adó-Èkìtì sábà máa ń mú àwòrán dírágónì kan dání nínú fóònù wọn. Wọ́n á ti ya ìpẹ́ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, iná á máa yọ lẹ́nu rẹ̀, ìwo orí rẹ̀ á sì pọ̀ ju ti màlúù mẹ́ta lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: bí ẹranko yìí bá fẹ́ sùn, ibo ni yóò kó apá rẹ̀ sí? Ọ̀pọ̀ wọn kì í rí èsì fọ̀, nítorí pé ọ̀ṣọ́ ni wọ́n yà, wọn kò tíì ya ẹranko.

Àwọn agbẹ́gilére ilẹ̀ wa kì í ṣe iṣẹ́ báyẹn. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n ń là kọjá. Ìkíní ni ọnà lílé, níbi tí wọ́n ti ń fi àáké gé igi títí orí, ara àti ẹsẹ̀ ère yóò fi yọ, láìsí ojú, láìsí imú. Èkejì ni àlétúnlé, níbi tí wọ́n ti ń pín àwọn apá ńlá wọ̀nyẹn sí kéékèèké. Ẹ̀kẹta ni dídán. Fífín ló kẹ́yìn, òun ni ọ̀bẹ fi ń gé ilà ojú, irun dídì àti batani aṣọ. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, ẹni tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀-Èkìtì, tó sì kú ní 1938, mọ ọnà lílé débi pé àwọn ère ara ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin Ọ̀gọ̀gà ní Ìkẹ́rẹ́ yọ síta bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí ibi ìpàtẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, British Museum sì gbà á, wọ́n fi ìtẹ́ kan ránṣẹ́ sí Ọ̀gọ̀gà dípò rẹ̀. Ìlànà agbẹ́gilére yìí ni mo fi ń kọ́ni ní dírágónì, nítorí pé ohun tó ń ba iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ni pé fífín ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ pinnu ohun tí yóò ṣe kí ẹ tó pinnu bí yóò ṣe rí

Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ pàdé orúkọ dírágónì. Èyí tó wà nínú Ìfihàn orí 12 pupa, ó ní orí méje àti ìwo mẹ́wàá, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dẹ́rù bani. Ti àwọn ará Ṣáínà kì í sábà ní apá, ara rẹ̀ gùn bí ejò, òjò àti omi ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Ti àwọn ará Yúróòpù ní apá, ó ń tu iná, ó sì ń ṣọ́ wúrà. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ́dọ̀ tiwa ni Òṣùmàrè, ejò ńlá tó ń na ara rẹ̀ sójú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé iṣẹ́ kálukú ló bí ara rẹ̀: èyí tó ń darí òjò kò nílò ihò láti ṣọ́, èyí tó sì ń ṣọ́ ihò nílò èékánná.

Nítorí náà, ẹ kọ ìtàn yín ní gbólóhùn márùn-ún péré. Èyí tí n ó lò nínú ìtọ́sọ́nà yìí nìyí: Dírágónì kan sùn nínú àpáta ní òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nígbà tí ìkùukùu òwúrọ̀ bo àfonífojì. Ó jí. Ó gbóòórùn nǹkan. Ó na apá, ó sì fò sílẹ̀ láti etí àpáta. Ó là ìkùukùu kọjá. (N kò gbé e sórí Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè náà rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibi ìbọ ni, àwọn tó ń bọ ọ́ sì wà láàyè. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kí ó kọ́kọ́ lọ gba àṣẹ.)

Ìtàn yìí kò gbọ́dọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Férémù 24, ìyẹn ẹyọ àwòrán 24 tó ń kọjá lójú, ni fíìmù máa ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí já sí 480 férémù. Bí ẹ bá ń fọwọ́ yà á, ẹ lè jẹ́ kí àwòrán kan dúró fún férémù méjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣe, yóò sì ku 240 àwòrán. Ẹ kọ iye yẹn sára ògiri, nítorí pé òun ni yóò máa gbà yín nímọ̀ràn nígbà tí ìwo keje bá ń wù yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ wo ẹranko

Ẹ pa íntánẹ́ẹ̀tì tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Dírágónì tí ẹlòmíràn ti yà kò lè kọ́ yín ju ohun tí ẹni náà mọ̀ lọ. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsùlù, ẹ jókòó síwájú ògiri tí oòrùn ń pa ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, kí ẹ sì máa wo alángbá. Bí oòrùn bá ti wọ akọ rẹ̀ lára, orí rẹ̀ á pọ́n bí ọsàn tó ti gbó, ara rẹ̀ á dúdú bí aró. Bí ilẹ̀ bá ṣú, gbogbo àwọ̀ náà á ṣá, á sì dà bí eérú. Ẹ ṣọ́ ìrìn rẹ̀: ẹsẹ̀ iwájú ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òsì ló ń gbé pọ̀, lẹ́yìn náà ni iwájú òsì àti ẹ̀yìn ọ̀tún, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì máa tẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì bí odò tó ń wọ́ lọ lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Awọ́nríwọ́n pẹ̀lú ń rìn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ahọ́n tirẹ̀ là sí méjì bíi ti ejò, ahọ́n náà ló sì fi ń gbóòórùn, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ ọ́ wọlé-jáde. Dírágónì wa tó fẹ́ gbóòórùn nǹkan ti rí ìṣe tí yóò fara wé.

Fún fífò, àwòdì ni olùkọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn àgbẹ̀ bá ń sun oko, àwòdì máa ń pọ̀ lókè èéfín, wọ́n ń dọdẹ kòkòrò tó ń sá fún iná. Ẹ ó rí i pé wọn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ lu apá: wọ́n na apá lé afẹ́fẹ́ gbígbóná, wọ́n sì ń fi ìrù darí ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ dúró ti adìẹ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tó bá fẹ́ fò sórí igi. Yóò gbé ojú sókè, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò tún wo òkè lẹ́ẹ̀kejì, yóò lóṣòó, kí ó tó fò. Ẹ má kẹ́gàn adìẹ. Ẹranko tó wúwo ju apá rẹ̀ lọ ni, bẹ́ẹ̀ sì ni dírágónì rí.

Ẹ ya ogójì àwòrán kékeré, kí èyíkéyìí má gbà ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú kan lọ. Wọn kò ní dára. Ẹ má jù wọ́n nù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ọnà lílé

Ẹ má tíì ronú kan awọ ara. Egungun ni iṣẹ́ ibí yìí, apá ló sì le jù nínú rẹ̀.

Nínú gbogbo ẹranko tó ní egungun ẹ̀yìn, kò sí èyí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lápapọ̀ ju mẹ́rin lọ. Èyí tó bá fẹ́ fò nínú wọn, ọwọ́ rẹ̀ ló ń sọ di ohun ìfò. Èdè wa ti sọ ọ́ tán kí oníṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tó dé: apá là ń pe ti ẹyẹ, apá náà là ń pe ti ènìyàn. Nínú apá àdán, ìka mẹ́rin ló na awọ náà, àtàǹpàkò nìkan ló wà lómìnira, tó fi ń rọ̀ mọ́ nǹkan. (Ẹ má fọwọ́ kan àdán láti wò ó, nítorí àìsàn, àwòrán egungun rẹ̀ nínú ìwé bàólọ́jì ti tó.) Ẹranko kan tún wà tó ti run, Quetzalcoatlus ni orúkọ rẹ̀, wọ́n rí egungun rẹ̀ ní Texas ní 1971. Apá rẹ̀ láti ṣóńṣó kan dé èkejì tó nǹkan bíi mítà mẹ́wàá, ìka kan ṣoṣo, èyí tó jẹ́ ìkẹrin, ló sì na gbogbo awọ náà. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ohun ńlá kò lè fò, ó ti fò rí.

Ìpinnu tó wà níwájú yín ni pé: ṣé ẹsẹ̀ méjì àti apá méjì ni, tàbí ẹsẹ̀ mẹ́rin àti apá méjì? Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì, wyvern ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá yan ẹsẹ̀ mẹ́rin gbọ́dọ̀ wá èjìká kejì fún un, kí ó sì fi hàn ibi tí iṣan àyà tó ń fa apá ti fara mọ́ egungun láìjẹ́ pé ó dí ẹsẹ̀ iwájú lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó nira. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni ẹsẹ̀ méjì. Nígbà tí dírágónì náà bá wà nílẹ̀, kí ó fi ọrùn-ọwọ́ apá rẹ̀ tilẹ̀ rìn.

Ẹ wá agboòrùn àtijọ́ kan. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, ẹ pa á dé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo bí aṣọ ṣe ń ká láàárín irin méjì, ibi tó ti ń rọ̀, ibi tó ti ń le. Awọ apá dírágónì yín kò gbọ́dọ̀ ṣe ohun tí aṣọ agboòrùn yẹn kò lè ṣe. Òṣùwọ̀n tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ni pé bí apá bá ká, ṣóńṣó rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdí ìrù púpọ̀. Bí apá méjèèjì bá sì ṣí, ìbú wọn kò gbọ́dọ̀ dín ní ìlọ́po méjì gígùn ara láìka ìrù. Mo kọ́ èyí pẹ̀lú omijé. Dírágónì tí mo kọ́kọ́ ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ya ìpẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo gbìyànjú láti ká apá rẹ̀ ni egungun gba inú ikùn rẹ̀ yọ sí òdìkejì, n kò sì rí ohun tí mo lè ṣe sí i ju kí n pa á rẹ́.

Lẹ́yìn egungun, ẹ ya òjìji. Kí ẹ ya ogún ẹ̀yà dírágónì náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má tóbi ju páálí ìṣáná lọ, kí ẹ sì fi dúdú kun gbogbo rẹ̀, láìsí ojú, láìsí ìlà kankan nínú. Ẹ so wọ́n mọ́ ògiri, ẹ dúró sí ìkangun yàrá kejì, kí ẹ pe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yìí láti sọ ohun tó rí. Ẹni tó bá ti wo ọdún Ẹpà rí ní ilẹ̀ Èkìtì yóò mọ ìdí rẹ̀. Eruku ń sọ, èrò pọ̀, ẹni tó gbé ère sórí ń jó, síbẹ̀ ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá mọ̀ pé jagunjagun orí ẹṣin ni èyí, ìyá ọlọ́mọ ni tọ̀hún. Kì í ṣe batani ara ère ló sọ fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àlétúnlé

Ẹ wá pín òjìji tí ẹ yàn sí àwọn ohun tí ojú yín mọ̀. Àyà rẹ̀ lè jẹ́ ìkòkò omi, ìbàdí rẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, itan rẹ̀ iṣu, orí rẹ̀ abẹ ọkọ́. Ẹ fi egungun gíga kan sí àárín àyà rẹ̀ bíi ti adìẹ, nítorí pé ara rẹ̀ ni ẹran tó ń fa apá wálẹ̀ ti ń dì mú; dírágónì tí àyà rẹ̀ pẹlẹbẹ kò lè fò, bí apá rẹ̀ ì báà bo oko.

Nígbà náà, ẹ fi amọ̀ mọ ọ́n. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá máa ń mọ irú ère kékeré bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó ya férémù kan, a kò sì ní láti ra amọ̀ lọ́dọ̀ òyìnbó ní ilẹ̀ tí àwọn amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì wà. Wáyà ìfikọ́ aṣọ ni ẹ ó fi ṣe egungun, ẹ ó fi amọ̀ bò ó, kí gbogbo rẹ̀ má ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹ gbé e sínú òkùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, láti òkè, láti ẹ̀yìn. Òjìji tó bá ṣubú sára rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ara ti yọ àti ibi tó ti wọnú, ìmọ̀ yìí ni ẹ ó sì fi kun gbogbo fíìmù náà. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ láti ìhà mẹ́jọ.

Láti inú fọ́tò wọ̀nyẹn ni ẹ ó ti ya ìwé àwòṣe: iwájú, ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn, àti ìdajì ojú, lórí ìlà kan náà, pẹ̀lú ènìyàn kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí títóbi rẹ̀ má baà máa yí padà láti ìran kan sí òmíràn. Ẹni tó bá ń lo Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe fíìmù kàtúùnù, yóò gbé fọ́tò wọ̀nyí sí ẹ̀yìn iṣẹ́ rẹ̀, yóò mọ ara náà lé wọn lórí, yóò sì fi egungun kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀ ní ibi tí wáyà wà gan-an.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: storyboard, ìyẹn àwòrán ìtàn ní ìran-ìran

Èyí kò pẹ́. Ẹ ya àpótí mẹ́fà sórí ìwé, ìran kan nínú àpótí kan, kí ẹ ya wọ́n bí ọmọdé ti ń yàwòrán. Ẹ fi fóònù ya wọ́n, ẹ tò wọ́n nínú áàpù fídíò pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ rò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ẹnu ara yín ṣe ohùn afẹ́fẹ́ àti ti apá sí i. Ẹ wò ó nígbà mẹ́wàá. Ìran tó bá sú yín kí ó tó parí gùn jù. Kò sí ohun tó ń dín òógùn kù tó èyí, nítorí pé àwòrán tí ẹ bá yọ kúrò níbí, ẹ kò ní yà á.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kí ó rìn, kí ó sì fò

Ẹ lọ wo ẹni tó ń gún iyán. Ọmọ odó ń gòkè pẹ̀lẹ́, ó dúró lókè bí ìṣẹ́jú ojú, ó já wálẹ̀ wàrà, ó lu iyán, ó sì ta padà díẹ̀. Kí apá tó gbé e, ìbàdí ti kọ́kọ́ mì. Lẹ́yìn tí ara sì ti dúró, etí ìró ṣì ń mì. Frank Thomas àti Ollie Johnston, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Disney, kọ ìlànà 12 sílẹ̀ fún iṣẹ́ wa ní 1981: ìmúra kí a tó ṣe nǹkan, fífi pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti fífi pẹ̀lẹ́ dúró, kí apá kan ara máa tẹ̀lé òmíràn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó dàgbà nídìí odó ní Èkìtì ti rí tó márùn-ún nínú wọn kí ó tó wọ ilé-ìwé. Ẹ fi fóònù gba fídíò rẹ̀, ẹ máa sún un ní férémù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ka iye tó lò láti òkè dé ilẹ̀ àti iye tó lò láti ilẹ̀ dé òkè.

Bí a ṣe ń gbẹ́ ère náà là ń gbẹ́ ìrìn. Ọnà lílé ni àwọn ìdúró pàtàkì. Fún ìfò wa, méje ni mo yà: ó dùbúlẹ̀; ó gbé orí; ó lóṣòó pẹ̀lú apá kíká; ó gbé apá sókè pátápátá; ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tán, apá wà ní agbedeméjì; ó ti kúrò nílẹ̀, apá wà nísàlẹ̀; apá ń padà lọ sókè ní kíká. Ẹ ya méje yìí nìkan, ẹ sì wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Bí ìtàn kò bá yé ènìyàn nínú wọn, igba àwòrán kò ní jẹ́ kó yé e. Ní ti àkókò, mo fún lílóṣòó ní férémù 16, mo jẹ́ kí ó dúró bẹ́ẹ̀ fún mẹ́fà, mo sì fún fífò kúrò nílẹ̀ ní mẹ́rin péré. Inú ìyàtọ̀ 16 sí mẹ́rin yẹn ni agbára ẹranko náà wà.

Àlétúnlé nínú ìrìn ni àwọn àwòrán àárín. Wọn kì í kàn ń di àlàfo. Àwọn ló ń sọ ọ̀nà tí nǹkan gbà. Nígbà tí apá bá ń bọ̀ wálẹ̀, ó ṣí tán, ó ń ti afẹ́fẹ́, nítorí náà ṣóńṣó rẹ̀ á tẹ̀ sókè, á sì kẹ́yìn dé. Nígbà tó bá ń padà lọ sókè, ọrùn-ọwọ́ ló ń ṣáájú, apá á ká, ṣóńṣó á fì sísàlẹ̀. Ara sì gbọ́dọ̀ dáhùn: bí apá ti ń wálẹ̀, ara á gòkè, bí apá ti ń gòkè, ara á rì díẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n á fi ara so mọ́ ojú kan bí aṣọ tí a sá, apá nìkan á máa lù, ẹni tó ń wò ó kò sì ní gbà á gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè sọ ìdí rẹ̀.

Yíyára ni ojú fi ń díwọ̀n ìwúwo. Ológoṣẹ́ ń lu apá débi pé ojú kò lè kà á. Lékeléke ń lu tirẹ̀ débi pé ọmọdé lè kà á. Dírágónì gbọ́dọ̀ lọ́ra ju lékeléke lọ. Mo máa ń fún lílù kan ní férémù 20 nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ tó ń jìjàkadì, mo sì máa ń sún un dé 32 nígbà tó bá ti bá afẹ́fẹ́ mu. Lẹ́yìn lílù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ó na apá, kí ó sì máa yọ̀ lọ bí àwòdì fún ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ìsinmi yẹn yóò gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ púpọ̀, yóò sì dára ju lílù lọ. Ní ti ìrù, ẹ pín in sí oríkèé mẹ́fà, kí ìkọ̀ọ̀kan máa ṣe ohun tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ ṣe lẹ́yìn férémù méjì tàbí mẹ́ta.

Kí ẹ má sì gbàgbé ìgbà tí kò ṣe nǹkan kan. Ní 1914, Winsor McCay, ará Amẹ́ríkà, ya ẹranko ayé àtijọ́ kan tí ikùn rẹ̀ ń wú tó sì ń fà nígbà tó dúró jẹ́ẹ́, mímí ara McCay fúnra rẹ̀ ló sì fi díwọ̀n àkókò ti ẹranko náà. Dírágónì tó ń sùn nínú àpáta gbọ́dọ̀ máa mí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àpáta ni òun náà.

Dídán wá ni pé kí ẹ máa sún férémù síwájú àti sẹ́yìn títí kò fi sí ibi tí ojú ti ń kọsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ keje: fífín

Nísinsin yìí ni ìpẹ́ kàn. Ẹ rántí iye tó wà lára ògiri: bí ẹ bá ya 300 ìpẹ́ sára àwòrán kan, 72,000 ni ẹ ó yà kí 240 àwòrán tó parí. Ẹni tó gbọ́n kì í yà wọ́n tán. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń di òjìji lára ẹranko náà ni ẹ ó fi wọ́n hàn sí; ibi tó mọ́lẹ̀ kedere àti ibi tó ṣókùnkùn, ẹ jẹ́ kí ojú òǹwòran fúnra rẹ̀ parí iṣẹ́. Kí ìpẹ́ ẹ̀yìn tóbi, kí ti ìpéǹpéjú àti oríkèé kéré, kí ti ikùn fẹ̀ ní ìbú bíi ti erè. Kí wọ́n gun ara wọn bí páànù orí ilé, kí etí wọn kọjú sí ìrù, débi pé bí òjò bá rọ̀ sí i, omi á ṣàn kúrò.

Ní ti àwọ̀, alángbá ti fún wa: eérú nígbà tó ń sùn nínú òjìji àpáta, aró àti ọsàn nígbà tí oòrùn bá bà á lẹ́yìn tó là ìkùukùu kọjá. Ìyípadà àwọ̀ náà jẹ́ apá kan ìtàn, kò sì ná wa ní nǹkan kan. Awọ apá fẹ́lẹ́. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ó yẹ kí ó pọ́n bí ọwọ́ yín ti ń pọ́n bí ẹ bá fi bo tọ́ọ̀ṣì, kí òjìji egungun ìka sì hàn nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: èémí àti ohùn

N kì í fẹ́ràn iná ẹnu. Gbogbo ènìyàn ló ń ṣe é, ó nílò òkùnkùn kó tó dára, òwúrọ̀ sì ni ìtàn tiwa. Oru ni ẹranko wa yóò mí síta. Ẹ gbé ìkòkò iṣu kaná, ẹ ta aṣọ dúdú sẹ́yìn rẹ̀, ẹ pa fáànù, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ sì fi fóònù gba fídíò oru náà. Bí fóònù yín bá lè gba férémù 120 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹ fi 24 gbé e jáde. Yóò lọ́ra ní ìlọ́po márùn-ún, oru ìkòkò kékeré yóò sì dà bí èémí ohun tó tóbi bí ilé. Nínú áàpù fídíò, ẹ gbé e lé dírágónì lórí, ẹ yan Screen lára àwọn ọ̀nà ìdàpọ̀ àwòrán, dúdú ẹ̀yìn rẹ̀ á pòórá, oru nìkan á kù.

Agboòrùn tún wúlò níbí: bí ẹ bá ń ṣí i tí ẹ sì ń pa á dé níwájú fóònù, tí ẹ wá dín ìyára ohùn náà kù sí ìdajì, ohùn apá ńlá ni ẹ ó gbọ́. Ewúrẹ́ tó ń ké, bí a bá fà á gùn bẹ́ẹ̀, ń ba èmi tí mo gbà á sílẹ̀ fúnra mi lẹ́rù. Bí ẹ bá fẹ́ èékánná lórí àpáta, ẹ fa olórí odó lórí sìmẹ́ǹtì.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: gbígbé e jáde níbi tí iná mànàmáná kò ṣeé gbọ́kàn lé

Ọ̀fẹ́ ni Blender, ọ̀fẹ́ sì ni Krita fún ẹni tó ń fọwọ́ yà á. Fíìmù tó gba Oscar ti fíìmù kàtúùnù gígùn ní 2025, Blender ni àwọn ará Latvia tó ṣe é lò, nítorí náà kì í ṣe irinṣẹ́ ló ń dí wa lọ́wọ́. Iná ni. Bí férémù kan bá gba kọ̀ǹpútà yín ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, 480 yóò gba wákàtí 24 gééré, ta ló sì rí iná wákàtí 24? Nígbà kan mo ní kí ó gbé gbogbo rẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bíi fídíò kan ṣoṣo. Ó ti lo wákàtí 19 kí iná tó lọ, bátìrì láàpútọ́ọ̀pù mi sì ti kú tipẹ́. Fáìlì tó kù kò ṣí.

Láti ọjọ́ náà, àwòrán PNG ni mo ń gbé jáde, férémù kan nínú fáìlì kan. Ní Blender, ẹ lọ sí Output, ẹ yan PNG, kí ẹ sì yọ àmì kúrò ní Overwrite. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, yóò fo àwọn férémù tó ti ṣe tán, yóò sì máa bá èyí tó kù lọ. Bí férémù tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí iná lọ bá bàjẹ́, ẹ pa á rẹ́, yóò tún un ṣe. Kí ẹ tó ṣe ojúlówó, ẹ kọ́kọ́ gbé e jáde ní ìdajì ìwọ̀n: ìdá kan nínú mẹ́rin àmì àwòrán nìkan ni kọ̀ǹpútà yóò ṣírò, ẹ ó sì rí àṣìṣe yín kí jẹnẹrétọ̀ tó mu epo tán. Ẹ kó ẹ̀dà rẹ̀ sí ibi méjì, kí ọ̀kan má sí nínú ilé kan náà.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọnú fídíò, ẹ pe ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ kan ládùúgbò, ẹ pa ohùn, ẹ fi hàn án lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dákẹ́. Bó bá béèrè pé ẹranko wo ni, ìgbésẹ̀ kẹta ni àléébù wà. Bó bá béèrè ohun tó gbé e dúró lókè tí kò fi já bọ́, ẹ padà sí ìkẹfà. Bó bá béèrè orúkọ rẹ̀, ẹ wá orúkọ fún un.